Síkì Fífúyẹ́ fún Ẹni Tí Yóò Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Gun Òkè

Oríṣi ènìyàn méjì ni ó ń fi síkì wọ orí òkè tí òjò dídì bò ní àwọn ilẹ̀ olótùútù: àwọn tí ẹ̀rọ ń fà gòkè, tí ó jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ni tiwọn, àti àwọn tí ń fi agbára itan ara wọn gun òkè náà, tí wọn a máa rìn láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, kí wọn tó yíjú padà láti yọ̀ wálẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi bá wí, nítorí pé ohun èlò tí ó tọ́ sí ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ni àwọn oníṣòwò sábà máa ń kó lé wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà wí pé a kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ẹni tí ó sì de irin àti ike tí ó wúwo mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ó fi wọ́n gun òkè fún wákàtí mẹ́rin nítorí ìsọ̀kalẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, erin gan-an ni ó so mọ́ ẹsẹ̀ nítorí ìrẹ̀.

Kí ẹni tí kò fi ojú rí i rí má baà sọnù sójú ọ̀nà, síkì ni a ń pe pátákó méjì gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí wọn ká sókè, tí a ń dè mọ́ abẹ́ bàtà, tí ó ń gbé ènìyàn lé orí òjò dídì kí ó má baà rì dé itan. Ní àwọn ibi ìgbafẹ́ tí ẹ̀rọ wà, iwájú àti ẹ̀yìn bàtà ni wọ́n ń dè pa mọ́ pátákó; ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tí a ń pè ní Telemark, iwájú bàtà nìkan ni a dè, gìgísẹ̀ wà lómìnira ara rẹ̀, ó ń gbéra, ó ń balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nígbà tí a bá ń rìn nílẹ̀. Òmìnira yìí ni ó mú kí ohun èlò kan ṣoṣo lè rin pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ó gun òkè, kí ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ yà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a ó ti ẹsẹ̀ kan síwájú, a ó fa èkejì sẹ́yìn, gìgísẹ̀ ti ẹ̀yìn yóò gbéra, eékún rẹ̀ yóò sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí ìyàwó tuntun bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, síkì méjèèjì yóò sì parapọ̀ ya lọ ní ìlà kan tí ó tẹ̀ kọrọdọ.

Telemark jẹ́ ẹkùn kan ní gúúsù ilẹ̀ Nọ́wè, níbẹ̀ ni abúlé Morgedal wà, níbi tí a gbé bí Sondre Norheim ní ọdún 1825. Ọmọ tálákà ni, alágbàro lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti orí òkè, kò sí ẹni tí ó jẹ́ pè é ní tálákà mọ́: Norheim, ọmọ Morgedal, arìnlórí-òjò-dídì-má-rì, ọkọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí ìgbà tirẹ̀ tó dé, okùn awọ kan lásán níwájú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ki bàtà bọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fò, síkì a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, olówó síkì a sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Norheim mú ẹ̀ka igi tútù tín-ín-rín, ó lọ́ ọ, ó fi yí gìgísẹ̀ ká, bàtà sì dúró ṣinṣin láìjẹ́ pé gìgísẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Ó tún gbẹ́ àárín síkì rẹ̀ wọlé kí ó lè tínrín ju orí àti ìdí lọ, kí ó lè máa yà wẹ́rẹ́. Ní ọdún 1868, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ó fi síkì rìn láti Telemark lọ sí Christiania, ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí, ó sì ṣe ohun tí ó ya àwọn ará ìlú ńlá lẹ́nu. Igi, awọ, àti ẹ̀ka tí a lọ́: gbogbo ẹrù rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Morgedal mìíràn ni Olav Bjaaland, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin márùn-ún, Roald Amundsen olórí wọn pẹ̀lú, tí wọ́n dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1911. Gbénàgbénà ni Bjaaland, kì í ṣe olùfi-síkì-rìn nìkan. Ní gbogbo àkókò òkùnkùn gígùn tí wọ́n fi ń dúró de oòrùn ní ibùdó wọn, ìfági rẹ̀ kò sinmi, ó ń fá igi ara àwọn ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ajá yóò fà, títí ìwúwo wọn fi dín kù kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lérò pé ó ṣeé ṣe. Ohun tí ó wù mí nínú ìtàn náà ni pé kò sí ohun tuntun kan tí ó fi kún ọkọ̀ wọ̀nyí; yíyọ ni ó ń yọ kúrò. Àwọn márùn-ún ni ó lọ, àwọn márààrún ni ó sì padà bọ̀. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kejì ọdún 1943, nígbà tí Joachim Rønneberg, ọmọ ogun Nọ́wè, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ba ilé iṣẹ́ omi wúwo tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Jámánì jẹ́ ní Vemork, ní ẹkùn Telemark kan náà, síkì àti bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà lómìnira ni òun pẹ̀lú mẹ́rin nínú wọn fi sá gba orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga kọjá, ó lé ní 300 kìlómítà, títí wọ́n fi dé ilẹ̀ Swídìn.

Báwo wá ni ẹrù ṣe di wúwo? Díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú èrò rere. Ní ọdún 1927 ni Bror With, ará Nọ́wè, ṣe ìdè onírin tí ó ń jẹ́ Rottefella, tí ń di iwájú bàtà mú. Láti ìran rẹ̀ ni ìdè oníṣòó mẹ́ta tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 75 mílímítà ti wá, tí ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Crested Butte, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, tí ìnáwó àti ariwo ibi ìgbafẹ́ ti sú, mú síkì tẹ́ẹ́rẹ́ àti bàtà awọ, wọ́n sì tún ọ̀nà Telemark tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé jí dìde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n sí i ni wọ́n ń wá òkè tí ó ga sí i. Bàtà awọ kò gbà á mọ́, ni àwọn ará Ítálì bá mú bàtà oníke jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Síkì wá fẹ̀ sí i kí ó lè bá agbára bàtà náà dọ́gba. Ìdè wá ní ìsípíríìnì ńlá. Nígbà tí ó sì di 2007, irú ìdè mìíràn dé tí a ń pè ní NTN, tí ó ń di bàtà mú láti abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tí ó lágbára bí ìdè àwọn tí ẹ̀rọ ń fà. Èmi kò bú àwọn tí ó ṣe wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lójú òkè tí ó dúró gangan, tí òjò dídì rẹ̀ sì le bí òkúta, kí ó lọ rà wọ́n. Mo kàn ń sọ pé kì í ṣe gbogbo wa ni a ń lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bàtà oníke ńlá lè wọn ju kílò mẹ́ta lọ fún méjèèjì, ìdè NTN lè ju kílò kan àbọ̀, nígbà tí ìdè oníṣòó mẹ́ta lásán kò tó kílò kan fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí a bá fi kílò kan péré dín ẹrù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kù, tí ìṣísẹ̀ ẹni sì jẹ́ mítà kan, nínú ìrìn 20 kìlómítà, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò lọ síwájú ní ìgbà 10,000, kílò kan yẹn ni a kò sì ní tì síwájú ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó mọ síkì í rìn kì í gbé e sókè, títì ni ó ń tì í. Ṣùgbọ́n lójú òkè, tàbí nínú òjò dídì jíjìn, gbígbé ni, kò sí àrékérekè níbẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò orí òkè ti máa ń wí láti ìgbà pípẹ́ pé ìwúwo tí ó wà lẹ́sẹ̀ ju irú rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn lọ ní ìlọ́po márùn-ún, itan ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti fi ọjọ́ kan dán an wò kì í bá wọn jiyàn.

Nínú gbogbo ohun èlò yìí, bàtà ni olórí, lórí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró pẹ́ sí. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn a rí síkì tí àwọ̀ rẹ̀ wù ú, a rà á, a wá ìdè tí ó bá a mu, nígbà tí owó bá sì fẹ́ tán, a ki ẹsẹ̀ bọ bàtà èyíkéyìí tí ó bá kù lórí àtẹ. Láti ẹ̀yìn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ yẹn. Bàtà ni ó kan ara. Òun ni ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ eékún tí ó sì ń jẹ́ ẹ fún etí síkì. Bí kò bá bá ẹsẹ̀ mu, síkì tí ó dára jù lọ láyé kò lè ṣe ohunkóhun fún olówó rẹ̀ ju pé kí ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ó máa tú okùn bàtà wò ibi tí ó ti bó.

Bàtà awọ ni ti àtijọ́, ó sì ṣì wà. Ó rọ̀ níbi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀, ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mí, ènìyàn sì lè wọ̀ ọ́ rìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kí ó má rántí pé òun wọ bàtà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń mu omi nígbà tí òjò dídì bá ń yọ́, ó ń fẹ́ kí a máa fi ìda pa á, kí a sì gbẹ ẹ́ ní jẹ́jẹ́, jìnnà sí iná, nítorí awọ tí iná bá yan kì í pẹ́ ya. Bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún ni ọrùn rẹ̀ ń dẹ̀ sí i, tí kì í lè di ọrùn ẹsẹ̀ mú mọ́ bí a bá fẹ́ yà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàtà oníke fífúyẹ́ wà, èyí tí kò ga, tí ìdikọ́ rẹ̀ kì í ju méjì lọ, tí ó ní bàtà rírọ̀ nínú tí a lè yọ, kí a gbé e sínú aṣọ ìsùn lóru kí ó lè móoru dọ́jọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga àti òkè kéékèèké ni ẹ ń lọ, bàtà awọ tó. Bí ó bá jẹ́ pé gígùn àti sísọ̀ ni iṣẹ́ yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bàtà oníke fífúyẹ́ yìí ni èmi yóò yàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n lórí àtẹ báyìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí tí ó ga dé ojúgun, tí ìdikọ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀rọ ń fà.

Nígbà tí ẹ bá lọ yẹ bàtà wò, ẹ lọ ní ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì mú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tí ẹ ó wọ̀ lórí òkè dání. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ ta gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè jókòó sẹ́yìn dáadáa, kí ẹ tó so ó. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe dìde dúró kí ẹ kàn rìn yíká ilé ìtajà bí ẹni tí ń ra bàtà ọdún. Ẹ ti ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ tẹ eékún ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ka ení, èjì dé ọgọ́ta. Ibi tí bàtà ti ká lókè ọmọ ìka ni kí ẹ kíyè sí. Bí ìká náà bá ń tẹ egungun ọmọ ìka mọ́lẹ̀ nínú ilé ìtajà tí ó móoru, tí ẹ sì dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ni yóò ṣe yín ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan lórí òkè? Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ máa gbéra nínú bàtà, ọmọ ìka sì gbọ́dọ̀ lè máa mira, nítorí bàtà tí ó bá fún ẹ̀jẹ̀ pa ti ṣí ilẹ̀kùn fún òtútù, òtútù abánijà-má-gbọ́-ẹ̀bẹ̀, tí kì í kọ́kọ́ dunni kí ó tó ṣeni ní ibi. Bí ó bá sì jẹ́ àlòkù ni ẹ ń rà, ẹ yí i dojú délẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: ihò mẹ́ta tí ó wà lábẹ́ imú bàtà ni inú tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì yí róbótó, ó dára. Bí wọ́n bá ti fẹ̀ di gígùn, tí ike etí wọn sì ti ń fọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ni ín, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó.

Bí bàtà bá ti wà, òun ni yóò sọ irú síkì tí ó yẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bàtà tí ó rọ̀ kò lè darí síkì tí ó fẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: lórí òjò dídì tí ó le, etí síkì nìkan ni ó ń kan ilẹ̀, bí síkì bá sì ti fẹ̀ tó ni etí náà ti jìnnà tó sí abẹ́ ẹsẹ̀, tí yóò fi máa lọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà oníke ńlá a kọ̀ fún un, bàtà awọ a tẹ̀ lé e, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ a sì ṣubú. Nítorí náà, síkì tí ìbú rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wà láàrin 60 sí 70 mílímítà ni ó bá ohun èlò fífúyẹ́ mu, kí ó ní etí irin tínrín láti orí dé ìdí, kí gígùn rẹ̀ sì tó ẹni tí ó ni ín tàbí kí ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ Nọ́wè bíi Madshus, tí ó ti wà láti ọdún 1906, àti Åsnes, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1922, ṣì ń ṣe irú rẹ̀. Síkì tí ó tó 100 mílímítà lábẹ́ ẹsẹ̀ ń léfòó dáadáa nínú òjò dídì tuntun, mo gbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lọ́dún, ọjọ́ yòókù ni ẹ ó sì máa ti ìwúwo rẹ̀.

Bákan náà, ẹ wo àárín síkì náà. Bí ẹ bá gbé méjèèjì kalẹ̀, ẹ ó rí i pé àárín wọn yọ sókè kúrò nílẹ̀. Ẹ dúró lórí méjèèjì lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹnì kan ti ìwé pélébé sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín: nínú síkì tí a ṣe fún ìrìn jíjìn, ìwé náà yóò máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, bí ẹ bá gbé gbogbo ìwúwo lé ẹsẹ̀ kan, yóò há. Níbi tí ìwé há sí yẹn ni síkì ti ń di ilẹ̀ mú nígbà tí a bá ta ilẹ̀ láti lọ síwájú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ìda pa. Ìda náà ní àwọ̀ gẹ́gẹ́ bí òtútù ṣe rí, àwọ̀ ewé fún ojú ọjọ́ tí ó tutù nini, àwọ̀ búlúù fún èyí tí ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ pupa fún ìgbà tí òjò dídì fẹ́ máa yọ́; a ó fi í ya ilẹ̀ síkì, a ó sì fi kọ́ọ̀kì rà á títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ tí ó dùn ni fún ẹni tí ó ní sùúrù. Fún ẹni tí kò ní, tàbí fún ilẹ̀ tí ojú ọjọ́ rẹ̀ ń yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́, síkì wà tí wọ́n ti fín ìpẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, tí ń yọ̀ síwájú, tí kì í yọ̀ sẹ́yìn. Ó ń pariwo díẹ̀, kò sì yára tó ti oní-ìda, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kò kábàámọ̀. Fún òkè tí ó ga gan-an, ẹ ó tún ra awọ ìgòkè, tí a ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ síkì, tí irun rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn. Awọ ẹran séálì ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́, irun ewúrẹ́ tàbí náílọ̀nù ni lónìí. Irun ewúrẹ́ ń yọ̀ ju náílọ̀nù lọ, náílọ̀nù sì ń di ilẹ̀ mú jù ú lọ.

Ó ku ìdè, kí a sì wò ó ní tòsí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àìlọ́jú-pọ̀ ti fara hàn jù. Irin pélébé kan ni, tí a fi ìṣó onílílọ́ mẹ́ta kàn mọ́ síkì, tí ó ní apá méjì tí imú bàtà ń wọ àárín wọn, ìṣó kéékèèké mẹ́ta tí ó dojú kọ òkè, àti ọ̀pá irin kan níwájú tí ń tẹ bàtà mọ́lẹ̀. Ó ní ti ọ̀tún, ó ní ti òsì. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ fi ẹnu ọ̀pá tí ẹ fi ń ti ilẹ̀ ha yìnyín kúrò nínú ihò mẹ́ta abẹ́ bàtà, nítorí bí ẹyọ kan bá dí, kò ní wọlé; ẹ tẹ imú bàtà sínú rẹ̀ títí ihò yóò fi pàdé ìṣó, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára kí ẹ tó fi ojú rí i; ẹ wá tẹ ọ̀pá irin náà sílẹ̀ títí yóò fi há. Ó parí. Kò sí ìsípíríìnì tí yóò kán, kò sí ike tí yìnyín yóò fọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà kí a fi kún un ni okùn irin tí ń yí gìgísẹ̀ ká, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Voile ní ìpínlẹ̀ Utah ń ṣe mọ́ ìdè oníṣòó mẹ́ta wọn, tí a lè yọ sínú àpò nígbà tí a bá ń gòkè, kí a sì fi í padà nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó ń mú kí bàtà rírọ̀ dúró dáadáa, bí ìṣó bá sì ya ihò bàtà, òun ni yóò mú yín délé.

Ohun tí kò lọ́jú pọ̀ ni ọwọ́ tí ó ti kú fún òtútù lè tún ṣe. Sukudiráfà kan tí ẹnu rẹ̀ bá ìṣó ìdè yín mu, ìṣó méjì tí ó lé, wáyà, téèpù tí ó le, àti okùn rọ́bà tí a fi ń di síkì pọ̀: gbogbo rẹ̀ kò kún ọwọ́, mi ò sì tíì rí àwíjàre tí ó tó fún fífi wọ́n sílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gba àwàdà. Òjò dídì a máa ya lulẹ̀ láti ojú òkè, yóò sì gbé ohun gbogbo tí ó bá pàdé lọ; ojú òkè tí ó sì sábà ń ya ni èyí tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 30 sí 45. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìdè oníṣòó mẹ́ta kì í tú fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ṣubú, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí òjò dídì bá gbé e, síkì yóò máa fà á lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun èlò fífúyẹ́ fi jẹ́ ohun èlò ojú ilẹ̀ tí kò dagun jù, tí kò sì sí lábẹ́ òkè mìíràn tí ó dagun. Kí ẹ tó jáde, ẹ ka ìkìlọ̀ ọjọ́ náà, èyí tí Varsom ń gbé jáde ní Nọ́wè, tí àjọ tí ń ṣọ́ òjò dídì sì ń gbé jáde ní Colorado. Bí ọ̀nà yín bá gba ibi tí ó léwu, ẹ̀rọ kékeré tí ń fi àmì rédíò ránṣẹ́ lórí 457 kHz, ṣọ́bìrì, àti ọ̀pá gígùn tí a fi ń wá ẹni tí ó bò mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára olúkúlùkù, nítorí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ìrètí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń já wálẹ̀ gan-an. Nínú gbogbo ibi tí a lè ti dín ẹrù kù, ẹ má ṣe dín in kù níbí.

Ilẹ̀ tí irú ẹrù yìí bá mu kò ṣọ̀wọ́n. Hardangervidda, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga tí Rønneberg àti àwọn tirẹ̀ gbà kọjá, nà lọ bí ojú ti lè ríran tó ní nǹkan bí 1,100 mítà sókè òkun, àwọn ilé ìsinmi ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò Nọ́wè tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1868, ọdún tí Norheim lọ sí Christiania gan-an, sì wà káàkiri rẹ̀. Ènìyàn lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Finse, kí ó de síkì mọ́ ẹsẹ̀ ní ibùdókọ̀, kí ó sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ohun tí fífúyẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni ẹ̀kọ́. Bàtà ńlá a máa darí àṣìṣe jì, bàtà awọ kì í darí jì. Ẹni tí ó bá fi í yà gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì déédéé, kí ó máa wo ilẹ̀ síwájú, kí ó má sì tijú láti gba ẹ̀gbẹ́ òkè sọ̀kalẹ̀ ní wíwọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bá le.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé ń gbé ní Minnesota, ní Colorado àti ní Oslo, níbi tí òjò dídì kì í ti í ṣe ìtàn inú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé síkì kì í ṣe ti tiwa, nígbà tí Samuel Ikpefan ti gbé orúkọ Nàìjíríà wọ eré síkì ìrìn jíjìn ní Beijing ní ọdún 2022, pẹ̀lú gìgísẹ̀ tí ó wà lómìnira. Ẹ kọ́kọ́ yá gbogbo rẹ̀ lò fún òpin ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ná owó. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà á, tí owó ọwọ́ yín kò tó ra ohun gbogbo ní tuntun, ẹ ra síkì ní àlòkù, ẹ ra ìdè ní àlòkù, kí ẹ sì fi owó tí ó kù ra bàtà tuntun tí ó bá ẹsẹ̀ yín mu.